Ọkùnrin Tí Ìbàdàn Ò Jẹ́ Kó Kú

Ẹ jókòó dáadáa. Dàpọ̀, bọ́ bàtà yẹn sẹ́nu ọ̀nà kí ìyá rẹ tó rí ẹrẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Láti ìgbà tí a ti kúrò níbi ìsìnkú ni mo ti ń gbọ́ tí ẹ ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ rò pé etí mi ti di. Ẹ fẹ́ mọ ìdí tí mo fi yọ áńkáṣíìfù jáde níwájú gbogbo ìjọ tí mo fi ń nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkú. Ẹ tún fẹ́ mọ ìdí tí gbogbo èèyàn fi dìde nígbà tí wọ́n ń gbé pósí Emmett jáde, tí èmi nìkan jókòó sórí àga mi láì mira. Ìyá yín ti ń sọ fún wọn pé orúnkún mi ló ń dùn mí. Orúnkún ń dùn mí lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe òun ló fà á. Ọ̀rọ̀ náà jìnnà díẹ̀. Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí n kò tíì mọ ìyá ìyá yín rárá. Ibi tí Yorùbá mi bá ti le jù fún yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá yín.

Ẹ̀yin mọ Emmett sí òyìnbó arúgbó tó máa ń wá bá wa jẹun nílé yìí ní Sátidé, tí ata ìyá yín máa ń mú omi jáde lójú rẹ̀, tí yóò sì tún na abọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n bù sí i. Ẹ mọ àpá tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, láti abẹ́ ojú títí dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ìyá yín sì ti kìlọ̀ fún yín pé kí ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Èmi mọ ọkùnrin yẹn kó tó mọ̀ pé wọ́n bí mi. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, tó ń gun ẹṣin. Èmi gan-an ni ohùn rẹ̀ ní gbogbo Ìbàdàn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lónìí, ẹ̀yin méjèèjì lè jókòó sórí àga kan náà, kí olúkúlùkù máa wo tirẹ̀, kí ẹ fi nǹkan di etí, kí ọ̀kan má mọ ohun tó pa èkejì lẹ́rìn-ín. Nígbà tiwa, sinimá kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá wò. Ilé sinimá tí mo ń sọ yìí, ní apá Gbágí, Kòrá kan, oníṣòwò ará Lẹ́bánónì, ló ni ín, kò sì ní òrùlé lápá ibi tí àwa èèyàn kékeré ń jókòó sí. Ògiri ńlá kan ni wọ́n kùn ní funfun. Bẹ́ńṣì la fi ń jókòó, ẹni tó bá sì ga, a óò ní kó tẹ orí. Bí oòrùn bá ti wọ̀ tán, àdán á máa fò kọjá níwájú ògiri, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lẹ́yìn wa, òórùn ẹ̀pà sísè á gba gbogbo àgbàlá. Mo ṣì máa ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ yẹn nígbà mìíràn bí ìyá yín bá ń fọ aṣọ nísàlẹ̀.

Lọ́sàn-án, iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń kọ́. Lálẹ́ sinimá, èmi ni ògbufọ̀. Wọ́n fún mi ní fèrè ńlá kan tí wọ́n fi páànù ṣe, èyí tó ń mú ohùn èèyàn ròkè, màá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ohunkóhun tí àwọn òyìnbó bá sọ nínú fíìmù, èmi á sọ ọ́ ní Yorùbá. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì àwọn kaboyì yẹn, imú ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ibi tí n kò bá ti gbọ́, màá fi tèmi sí i. Bí wọ́n bá ń jà lórí màlúù, màá sọ ọ́ di ìjà ogún bàbá, nítorí ìyẹn ni àwọn èèyàn mi mọ̀ dáadáa. Wọ́n á máa bú ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àbúrò. Àwọn òyìnbó tó ṣe fíìmù náà kò ní mọ̀ ọ́n mọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ọ, àmọ́ a gbádùn rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà nínú àwọn fíìmù wọ̀nyẹn tí kì í ṣe ọ̀gá. Ẹ̀yìn olórí àwọn olè ló máa ń wà, lórí ẹṣin, kì í sì sọ ju ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lọ. Òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yìnbọn fún. Ohun tó jẹ́ ká mọ̀ ọ́n ni bó ṣe máa ń ṣubú. Tí ìbọn bá ba àwọn tó kù, ọwọ́ wọn á fò sókè, fìlà wọn á ṣí lọ. Òun, ọwọ́ òsì rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ sórí, á di fìlà rẹ̀ mú, á sì dì í mú títí tí yóò fi délẹ̀. A máa ń pàtẹ́wọ́ fún un. Nítorí pé kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, mo ráyè fi ohun tó wù mí sí i lẹ́nu. Mo jẹ́ kó máa kí ìyá rẹ̀ kó tó kú.

Wàyí o, róòlù fíìmù, inú páànù pẹlẹbẹ ni wọ́n ń kó o sí, rélùwéè ló ń gbé e wá láti Èkó. Lọ́jọ́ kan, òjò pa àwọn páànù náà ní ìdíkọ̀, gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára wọn wẹ̀ lọ. Làmídì tó ń yí ẹ̀rọ wá fi ìparí fíìmù síwájú. Bí a ṣe jókòó báyìí, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin wa, ó di fìlà rẹ̀ mú, ó ṣubú, ó kú. Ẹnu ń yà wá pé ó yá jù. A kò tíì pàtẹ́wọ́ tán tí òun náà tún gun ẹṣin jáde láti ẹ̀yìn òkè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń jẹ èso kan.

Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ gbé ọwọ́ dúró. Èmi náà gbé fèrè kúrò lẹ́nu.

Obìnrin kan wà ní bẹ́ńṣì iwájú, Ìyá Délé, tó ń rán aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé nítòsí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi. Délé wà lórí itan rẹ̀, ó ti sùn. Ẹ̀yin tí wọ́n bí síhìn-ín lè má mọ èyí. Obìnrin yẹn ti sin ọmọ rí, kì í ṣe ẹyọ kan. Nígbà náà, tí ọmọ bá ń kú tí wọ́n tún ń bí òmíràn, àwọn àgbà á ní ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Wọ́n á fún un ní orúkọ tó jẹ́ ẹ̀bẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó dúró. Tó bá sì tún kú, wọ́n á fi àmì sí i lára, kí wọ́n lè dá a mọ̀ tó bá padà. Ìyá Délé dìde, ó wo ọkùnrin orí ẹṣin yẹn lára ògiri, ó sì bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní, “Ṣé ìwọ náà ni? Málọ mọ́ o.”

Àwọn kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí kò síbi tí ẹ lè yà sí ní àdúgbò wa nígbà náà tí kò sí ìyá bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, Málọmọ́ ni orúkọ rẹ̀. Bó bá ti yọ, gbogbo bẹ́ńṣì á pariwo Málọmọ́, wọ́n á ní kó sá, wọ́n á júwe ibi tí ọlọ́pàá fara pamọ́ sí fún un. Kò gbọ́ ọ rí. Tí àwọn yòókù bá kú nínú fíìmù, àwọn èèyàn á dìde, wọ́n á na ara, wọ́n á lọ ra ẹ̀pà. Tí Málọmọ́ bá ṣubú, kò sẹ́ni tó ń dìde. A óò jókòó sójú kan títí Làmídì yóò fi tan iná, nítorí a kò mọ̀ bóyá ó tún ń bọ̀.

Nígbà tó yá, fíìmù kan dé, a sì rí àpá ńlá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ariwo sọ. Ìyá Délé ní, “Wọ́n ti sàmì sí i. Àwọn òbí rẹ̀ ti gbọ́n.” Inú wa dùn bí ìgbà tó jẹ́ pé ọmọ ilé wa ni. Wọ́n ṣì tún pa á nínú fíìmù yẹn ná, Làmídì sì ń fi Ìyá Délé ṣe yẹ̀yẹ́, obìnrin náà ní kó fara balẹ̀, ó ní ojú àmì náà ṣì tutù.

Èyí tí a rí gbẹ̀yìn, odò ńlá kan ló wà nínú rẹ̀. Málọmọ́ wà lórí ẹṣin létí omi, àwọn ọlọ́pàá ń bọ̀ lẹ́yìn, gbogbo wa mọ ohun tó kù. Ló bá di pé ẹ̀rọ Làmídì gbóná jù. Ihò kan là sí àárín àwòrán, ó ń fẹ̀ sí i, òórùn iná gba àgbàlá, ògiri sì di funfun. Róòlù ti jóná. Làmídì lààgùn títí, kò rí i ṣe. Kòrá jáde wá bẹ̀ wá. A kò dìde. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Ìyá Délé tó sọ Délé sẹ́yìn, tó yíjú sí wa, tó ní, “Ó ti dúró. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé.” A sì lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni fíìmù àwọn ará Íńdíà gba ìlú, orin àti ijó ló kún inú wọn, wọn kò nílò ògbufọ̀. Mo gbájú mọ́ iṣẹ́ télọ̀ mi. Ìgbà tí mo dé ibẹ̀ gbẹ̀yìn, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń kó síbẹ̀.

Ẹ mọ ìyókù tèmi. Ìyá ìyá yín kú, ìyá yín ní n kò lè dá gbé, ó mú mi wá síbí. Kettering ní Maryland níbí dára, ó mọ́, àmọ́ mo lè jókòó lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ kí n má rí ẹni tí màá kí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í jẹ́ kí ìyá yín gbélé, ẹ̀yin wà ní school. Bó ṣe ń gbé mi lọ sí ilé àwọn àgbàlagbà yẹn nìyẹn, lọ́nà Beltsville, tí wọ́n ti ń bójú tó wa lọ́sàn-án. Tẹlifíṣọ̀n kan wà níbẹ̀ tí kì í sinmi. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, fíìmù kaboyì àtijọ́ ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀, gbogbo àgbàlagbà á sì sùn lọ. Èmi nìkan ni mò ń wò ó, ẹnu mi á máa mì. Ọkùnrin tínínrín kan wà tó máa ń yí àga rẹ̀ pa dà kó lè kọ ẹ̀yìn sí i. Mo rò pé agbéraga ni.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ti fi omi nu ilẹ̀, kò tíì gbẹ. Ọkùnrin yẹn dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ̀. Ẹni tó bá ń ṣubú á di àga mú, àbí tábìlì, àbí ẹni tó wà nítòsí. Ọwọ́ òsì ọkùnrin yìí lọ sórí, ó di fìlà tí kò sí níbẹ̀ mú, ó sì rọra wó sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n já lórí okùn. Àwọn òṣìṣẹ́ sáré bò ó. Èmi náà dé ibẹ̀. Mo rí àpá yẹn, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi ní, “Málọmọ́.”

Ó ní, “Kí lo sọ?”

Mo ní, “Mo mọ̀ yín. Ẹ máa ń gun ẹṣin.” Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń sọ, àmọ́ nínú ọkàn mi, ẹ ni mo ń pè é láti ọjọ́ yẹn.

Kò gbà mí gbọ́. Ó rò pé mo kàn ń ṣojú ayé ni. Àmọ́ ó yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni, tábà ni bàbá rẹ̀ ń gbìn nítòsí Upper Marlboro. Oko tábà ni gbogbo ibi tí ẹ ń rí ilé sí yìí nígbà náà. Ó ń tọ́jú ẹṣin fún àwọn tó ń fi ẹṣin sáré ìje ní Bowie, ó sì bá ẹṣin lọ sí Kalifọ́níà nínú ọkọ̀ ojú irin. Àwọn onífíìmù ń wá ẹni tó lè ṣubú láì fara pa. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á po yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ mọ́ lẹ́búlẹ́bú igi kó lè rọ̀, ìwọ á sì ti yọ ẹsẹ̀ kúrò lára gàárì kó tó di pé ìbọn dún. Mo béèrè ọ̀rọ̀ fìlà. Ó ní fìlà tí bàbá òun ń dé lọ sóko tábà ni, òun kò fẹ́ kí ẹṣin tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ràn ojú rẹ̀. Wọ́n ní kó wá ṣe olórí nínú fíìmù kan, kó jẹ́ òun ni yóò kù láàyè ní ìparí. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹṣin fi pátákò gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ jinná, ọ̀gá àwọn onífíìmù wò ó, ó ní ojú báyìí, kò sí ohun tí èèyàn lè fi í ṣe ju kí wọ́n yìnbọn fún un. Ó padà sẹ́yìn olórí àwọn olè, ibẹ̀ ló sì wà títí fíìmù kaboyì fi kúrò lójú ayé. Orúkọ rẹ̀ kò hàn lójú fíìmù rí. Ó wa tírélà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyàwó rẹ̀ kú, ó padà wá sí Maryland. Ó ní àpá yìí ló ba ayé òun jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn ọkàn mú un. Dókítà ní kó jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, pé láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní rí ìgbà òtútù tó ń bọ̀. Emmett ní òun kò ṣe. Mo bá a jà lórí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mo ti kú tó. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ta ló ń dúró dè mí?” Inú bí mi débi pé n kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù bà mí pẹ̀lú. Nínú gbogbo ìlú yìí, òun nìkan ni mo ti mọ̀ kí n tó di bàbá nọ́ọ̀sì.

Mo ní kí ìyá yín lọ gbé e wá ní Sátidé. Ibi tí ẹ jókòó sí yìí náà ló jókòó sí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, fèrè, òjò, Làmídì, Ìyá Délé. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì mi kò bá dé, ìyá yín á bá mi sọ ọ́. Ó gbọ́ ọ títí dé ibi odò.

Ó ní, “Mo rántí fíìmù yẹn. Inú omi ni wọ́n pa mí sí. Mo mu ìdajì odò yẹn.”

Mo ní, “Kò ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní Ìbàdàn, ẹ wà lórí ẹṣin. Bí a ṣe rí yín kẹ́yìn nìyẹn, a sì lọ sílé.”

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. “Àpá yìí ńkọ́? Kí ni wọ́n ní ó jẹ́?”

Ìyá yín ló dá a lóhùn. Ó ní, “Wọ́n ní àwọn tó fẹ́ràn yín ló fi sí i, kí ẹ má bàa lọ mọ́.”

Ẹ wò ó, mo ti rí ọkùnrin yẹn kó kú lọ́pọ̀ ìgbà, n kò rí i kó sunkún rí àfi ọjọ́ náà. Ó fi ọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, omi ń gba àárín ìka rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó béèrè pé, “Ọmọ orí itan yẹn, ṣé ó yè?”

Mo ní, “Délé ti di bàbá. Orí rẹ̀ ti pá.”

Ó mi orí. Ó wá yíjú sí ìyá yín, ó ní, “Ọjọ́ wo ni dókítà máa ń wà?”

Ìyá yín ní, “Monday, sir. Mi ò ní shift. Èmi fúnra mi màá wá gbé yín.”

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, nígbà tí wọ́n fẹ́ ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ, ó ní kí n sọ ọ́ bí obìnrin yẹn ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Mo tẹ̀ sí i létí, mo ní, “Málọ mọ́ o.” Ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ sórí. Wọ́n tì í kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìyá yín ní kí n jẹ́ ká lọ wá nǹkan jẹ, mo ní rárá, a kì í dìde. Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi tì í padà wá, ó sì yè. Ìgbà òtútù tí wọ́n ní kò ní rí, ó rí i, ó rí òmíràn, ó ń bá yín jẹ ẹ̀bà nílé yìí, títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá tó sùn tí kò jí.

Nígbà tí mo wo inú pósí láàárọ̀ yìí, mo rí i pé àwọn tó tọ́jú òkú ti fi àtíkè bo àpá yẹn mọ́lẹ̀ pátápátá. Wọ́n rò pé àánú rẹ̀ làwọn ń ṣe. N kò dá wọn lẹ́bi. Mo kàn mú áńkáṣíìfù mi, mo nu àtíkè náà kúrò díẹ̀díẹ̀ títí àpá fi hàn. Tó bá tún padà wá, kí ni ẹnikẹ́ni máa fi dá a mọ̀?

Lẹ́yìn náà wọ́n dé pósí, gbogbo yín dìde. Dàpọ̀, o fà mí lápá, o ní, “Grandpa, stand up.” O ṣe dáadáa, ọmọ mi, ìwọ kò mọ̀ ni. Tí Málọmọ́ bá ṣubú, a kì í dìde. A máa ń jókòó dè é ni.